Ìkòkò Tí Kò Tíì Gbẹ Ni Yóò Pe Ọmọ Padà

Tíṣà kan ní Tánkẹ̀, Ìlọrin, ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, mo dá ètò iṣẹ́ ọnà ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní àràárọ̀ Sátidé. N kì í gba kọ́bọ̀. Ọmọ 43 ló wá lọ́sẹ̀ kìíní, 26 lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, 9 péré ló kù. Owó ara mi ni mo fi ra ìwé, pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà. Ṣé torí pé ọ̀fẹ́ ni ni wọn ò ṣe kà á sí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa gba ₦200 lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ iyì rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?"

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Nígbà tí mo rí i pé 43 ti di 9, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, ara mi ni mò ń rín. Lọ́dún tí èmi náà kọ́kọ́ dá irú ètò yìí sílẹ̀, nínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba, àwọn ọmọ kún débi pé a ń dá àwọn kan padà lẹ́nu géètì. Kó tó pé oṣù kan, wọn ò ju méje lọ. Mẹ́ta nínú méje yẹn, ọmọ tèmi ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Nílùú tí a wà yìí, ta ni kì í wá síbi ọ̀fẹ́? Ẹ lọ wo òde wòlímọ́tì. Ẹ wo eré ẹṣin ọdún Iléyá: kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ èrò á kún ojú ọ̀nà ààfin bámúbámú, ìyá pọnmọ, bàbá gbé ọmọ sí èjìká. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé, ọmọ tí kò wá lọ́sẹ̀ kejì, kí ló pàdánù? Ó ya ilé, ó ya àsíá, ó kùn ún, ó gbé e délé, ìyá rẹ̀ ní "o kú iṣẹ́", ó tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ò sùn sọ́dọ̀ yín. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ tí yóò máa rò lọ́kàn títí Sátidé mìíràn yóò fi dé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àléébù ètò náà, ibẹ̀ náà ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Kí n tètè mú ọ̀rọ̀ àkókò kúrò nílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kì í ṣe àkókò tó ṣófo ní Ìlọrin. Ilé-kéwú ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn tí kò lọ ń bá ìyá wọn pàtẹ, tàbí kí wọ́n máa fọ yúnífọ́ọ̀mù. Àárọ̀ Sunday náà ò dáa, torí àsàlátù ń bẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ. Lọ́sẹ̀ kìíní yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìdajì nínú ọmọ 43 yẹn sá kúrò ní kéwú ni, tí ááfà sì ti bi wọ́n léèrè. Ẹ gbé e sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí ẹ tú wọn ká kí wọ́n tó pe Màgàríbà. Wákàtí kan àbọ̀ ti tó. Kí ẹ tó kéde rẹ̀ rárá, ẹ lọ kí ááfà tí ilé-kéwú rẹ̀ súnmọ́ yín jù, kí ẹ bi í pé ìgbà wo lọ́wọ́ àwọn ọmọ ń dilẹ̀. Bí òun bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, ẹ ò ní í nílò pátákó ìkéde kankan.

Ó wá ku iṣẹ́ gan-an.

Láti Tánkẹ̀, ẹ lè wọ kẹ̀kẹ́ dé ìhà Òkèlele, níbi tí a ń pè ní Dàda. Àwọn ìyá wà níbẹ̀ tó ń mọ ìkòkò títí di òní, iṣẹ́ tí ìyá kọ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i. Wọn kì í lo ẹ̀rọ kankan. Wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ dojú dé, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti tẹ̀ dáadáa lé ìdí rẹ̀, wọ́n á máa lù ú títí yóò fi bo ìdí náà. Tó bá ti le díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá máa fi amọ̀ tí wọ́n yí gígùn bí okùn gbé ara rẹ̀ ga títí dé ọrùn àti ètè. Ṣùkù àgbàdo tàbí igi tí wọ́n fín ni wọ́n ń yí mọ́ ọn lára kó lè ní ọnà. Ó di kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á to ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ ní gbangba, wọ́n á fi igi àti koríko bò wọ́n, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Bó bá ṣì gbóná wàì ni wọ́n á ti wọ́n omi èèpo èso igi igbá sí i, igi tí a ti ń rí irú, tí ara rẹ̀ á fi dúdú, á sì máa dán.

Mo kó ọgbọ̀n ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe fún wọn: àwọn ọmọ yóò rí àṣà, àwọn ìyá yóò rí àlejò. Ọjọ́ tí wọ́n ń múra iná ni. Ọmọkùnrin kan sáré kọjá, ó tẹ ìkòkò méjì tó wà nínú oòrùn lẹ́nu. Ìyá tó ni wọ́n ò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Tíṣà, ohun tí à ń jẹ lẹ tẹ̀ yẹn." Mo sanwó, mo bẹ̀bẹ̀, mo kó àwọn ọmọ wọn lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì mo padà lọ ní èmi nìkan, mo jókòó ti ìyá yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. N kò ṣe nǹkan kan ju pé mò ń wò ó, mo sì ń bá a pa eṣinṣin. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí ojú mi fò dá lọ́jọ́ kìíní: iṣẹ́ amọ̀ kì í tán lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá mọ ọ́n lónìí gbọ́dọ̀ padà wá wò ó.

Ohun tó mú ọmọ padà sọ́dọ̀ mi láti ìgbà náà nìyẹn. Kì í ṣe bisikí, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ wo bí oṣù kan ṣe máa rí. Sátidé kìíní, ìyá amọ̀kòkò kan wá sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú bàsíà amọ̀ méjì. Ó tó ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bí ìkòkò wọn ò bá ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mọ tirẹ̀, á fi ìṣó kọ àmì sí i nídìí, ẹnikẹ́ni ò ní í gbé e lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ dán an, wọ́n á yí ṣùkù mọ́ ọn. Àmọ́ ọjọ́ méjì-mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n mọ ọ́n ni amọ̀ máa ń le tó fún ìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ méje, nítorí náà ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ó rí àwọn tó máa wá yọjú lójú fèrèsé ní ọjọ́ Túsìdeè láti wò bóyá tiwọn ti sán. Ẹ má lé wọn.

Iná ló kàn, ìyẹn sì ni ẹ ò gbọ́dọ̀ dá dán wò ní Tánkẹ̀. Ẹ kó àwọn ìkòkò náà lọ bá ìyá yẹn, kó tò wọ́n sáàárín tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń dáná. Àwọn kan á fọ́. Bí inú amọ̀ ò bá gbẹ tán, omi inú rẹ̀ á di oru, á wá ọ̀nà jáde, á sì là á. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹkún lè dínkù. Ọmọ tí tirẹ̀ fọ́ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ jù: ẹ fún un ní amọ̀ lójú ẹsẹ̀ kó tún òmíràn bẹ̀rẹ̀. Nínú ìrírí mi, irú wọn kì í pa ọjọ́ kan jẹ mọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ bẹ̀rẹ̀, lásìkò ìsinmi gígùn oṣù kẹjọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, torí amọ̀ kì í tètè gbẹ nígbà náà.

Bí ẹ bá ti parí ti amọ̀, ẹ ó ti mọ ọ̀nà. Òfì rọrùn láti tẹ̀ lé e. Ẹ gé ẹnu páálí ní eyín-eyín, kí ọmọ ta òwú sí i lóòró, kó máa fi abẹ́rẹ́ onígi hun òmíràn gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀já tó fẹ̀ ní ìka mẹ́rin máa ń gba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá ti jìyà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú un lọ wo bàbá tó ń hun aṣọ-òkè, tí òwú rẹ̀ nà sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Ojú tí yóò fi wò ó á yàtọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mú un lọ síbẹ̀ kó tó fọwọ́ kan òwú, á wo ìṣẹ́jú márùn-ún, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ìlù náà ń bẹ. Ìlú dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ wa, ni Ìlọrin, ìlú Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú tó kọ ọ́ lókìkí. Ẹ wá onígángan kan kó wá fi ìlù pe oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan: Àjàní, Àmọ̀kẹ́, Àlàó, Àṣàkẹ́. Ọmọ tí kò mọ oríkì ara rẹ̀ yóò sáré lọ bi ìyá àgbà nílé, ẹ ó sì ti wọ inú ilé náà láìkan ilẹ̀kùn. Kí ẹ kàn tètè sọ fún onílù pé ọmọdé ló wà níbẹ̀ o, torí ẹnu àwọn èèyàn wa aládàdàkúàdà kì í sinmi.

Ẹ tún sọ nínú ìwé yín pé àwọn ìyá máa ń dúró lẹ́nu géètì títí ẹ ó fi parí. Ẹ dákun, kí ló dé tí wọ́n ń dúró níta? Ẹ gbé bẹ́ǹṣì sínú. Nínú àwọn ìyá mẹ́wàá tó dúró níbẹ̀, ọ̀kan mọ irun dì, ọ̀kan mọ ẹní hun, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ahunṣọ tó ti gbàgbé pé òun mọ nǹkan kan. Ẹ bẹ ọ̀kan kó mú ìlà irun tó mọ̀ wá, kí àwọn ọmọ yà á: ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀. Ẹ bẹ ìyá àgbà kan kó pa àlọ́ kan ṣoṣo ní ìparí ọjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ fọ́mọ pé Sátidé ti pé. Àwọn bàbá ṣòroó mú. Ọjọ́ ìlù ni mo sábà máa ń rí wọn, wọ́n á dúró lókèèrè bí ẹni tó ń kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n yóò bá yín. Òbí kan lè wá sọ pé òun ò fẹ́ kí ọmọ òun ya èèyàn tàbí kó mọ ère, torí ẹ̀sìn. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì rò pé ó kórìíra ọnà. Ìkòkò, ọnà ara aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, ìwọ̀nyí ò ní wàhálà nínú. Èyí tó dára jù lójú tèmi ni wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ̀wé. Ẹ bẹ ááfà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kó wá fi bí wọ́n ṣe ń po tàdáwà, yíǹkì wọn, hàn wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń gé gègé, kí àwọn ọmọ wá fi ọnà yí etí wàláà tiwọn ká. Àwọn ọmọ onígbàgbọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn sí i pẹ̀lú tàdáwà, ááfà náà ń rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìrìn-àjò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nítòsí. Ní Ìdí-Àpẹ, òkúta tí wọ́n ní àwọn èèyàn ìgbàanì ń lọ irin lórí rẹ̀, tí a fi ń pe ìlú ní Ìlọrin, ń bẹ nínú agbo ilé kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ "Ìlọrin" sí orí ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́ ò rí i rí. Ẹ kí àwọn onílé náà ṣáájú. Lẹ́yìn Iléyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ya ohun tí wọ́n rí lára ẹṣin, kì í ṣe ẹṣin nìkan, àwọn aṣọ àti awọ tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Oríkì ìlú wa pàápàá sọ pé ẹṣin leégún ilé baba wọn.

Bí ẹ bá rí ọkọ̀, Èsìẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta inú rẹ̀ lé ní 800, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ní pàtó àwọn tó gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú ní àwọn àlejò kan ló di òkúta. Ẹ béèrè owó ìwọlé ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí ohun tí ọmọ fẹ́ lọ wò, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Àṣìṣe tí àwọn ilé-ìwé máa ń ṣe ni pé wọ́n á to ọmọ ní ìlà, wọ́n á gba inú yàrá kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á jáde lọ ya fọ́tò. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ère kan ṣoṣo. Kó jókòó síwájú rẹ̀, kó ya irun orí rẹ̀, kó kọ ohun tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ mi padà délé, ó ní kí wọ́n di irun ère òun fún òun. Wọ́n dì í.

Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ sọ ìtàn Bámigbóyè fún wọn, ará Odò-Ọ̀wá níhà gúúsù Kwara níbí, tó ń fi odindi igi kan ṣoṣo gbẹ́ Ẹpa, ère tí oníjó ń gbé sórí, tí èèyàn ara rẹ̀ pọ̀ bí èrò ọjà. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún aráyé wò. Ẹ máa sọ ọ́ fún ọmọ tó bá ní "Àǹtí, kí ni màá fi èyí ṣe?" Bí ẹ ṣe wà lójú ọ̀nà Yunifásítì Ìlọrin yìí, ẹ lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ eré ṣíṣe. Àwọn ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n á ti fi ijó àti eré dánra wò. Ẹ bá olórí ẹ̀ka sọ̀rọ̀, kó jẹ́ òun ló máa rán wọn sí yín.

Èyí mú mi dé ibi tí n kì í fi ṣeré. Àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá, ì báà jẹ́ èmi, ì báà jẹ́ ẹ̀yin. Ó kéré tán, méjì, kó sì jẹ́ ẹnì kan sí ọmọ mẹ́wàá. Ẹ ní ìwé tí wọ́n fi ń gba orúkọ wọlé tí wọ́n sì fi ń gba ọmọ jáde, kí ẹ mọ ẹni tó máa wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ọmọ ò gbọdọ̀ dé orí Facebook láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún mágàjí àdúgbò pé ẹ wà níbẹ̀, kí ó mọ ojú yín.

Ó wá kan ₦200 tí ọ̀rẹ́ yín sọ. Ẹ má gbà á. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta, ₦600 ni lọ́sẹ̀ kan. Yóò yan ọ̀kan, ẹ sì mọ irú ẹni tí wọ́n sábà máa ń yàn. Àwọn tí ẹ tìtorí wọn dá ètò sílẹ̀ ni owó yẹn máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ iyì rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú nǹkan wá: páálí kan, ṣùkù àgbàdo mẹ́ta, àkísà kan. Ọmọ tó ti wá ṣùkù láàárín ọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ìyá amọ̀kòkò. Owó tí ẹ ń ná sórí ọ̀dà àti ìwé, òun ni kẹ́ ẹ san fún un, kẹ́ ẹ san án lọ́jọ́ náà, kó tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Mo ti rí ètò tó ra omi inú ọ̀rá àti ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń ṣètò, tó wá sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé "ẹ fi ṣe sàdáákà." Kò padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ gbà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ amọ̀, òwú, tàbí owó ọkọ̀ Èsìẹ́. Olóṣèlú kan fi ojú ara rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ wa lọ́dún kan. Àwọn òbí tó wà lẹ́gbẹ́ kejì kó ọmọ wọn lọ, àwọn kan ò dá wọn padà títí ìbò fi kọjá.

Àwọn 9 tó kù yẹn ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wá 43 kiri. Ẹ dá ètò dúró fún Sátidé méjì, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dàda láàárọ̀, ẹ mú ọṣẹ díẹ̀ dání kí ẹ fi kí àwọn ìyá náà, kí ẹ bẹ ẹni tó bá gbà yín láàyè pé ẹ fẹ́ jókòó tì í. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má mú ọmọ kankan dání.